Okùn Tẹ́ẹ́rẹ́ Tí Kò Já: Níkẹ̀ẹ́ Okundaye àti Iṣẹ́ Àdìrẹ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Ọ̀rọ̀ aṣọ ni òwe yìí fi bojú, ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ni ó ń sọ. Ènìyàn lè ra aṣọ tuntun lọ́jà ní òòjọ́, ṣùgbọ́n ọdún gbọọrọ ni ó ń sọ aṣọ di àkísà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ìyá ńlá ilẹ̀ Yorùbá rí. Ẹni tí yóò bá mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ jókòó ti àgbà, kí ó máa wo ọwọ́ rẹ̀, kí ó sì máa ṣe é. Bí àgbà bá lọ kí ọmọ tó jókòó tì í, iṣẹ́ náà bá a wọlẹ̀ nìyẹn.

Ìdí èyí ni ìtàn Olóyè Mónìkà Oyèníkẹ̀ẹ́ Okundaye, tí ayé mọ̀ sí Níkẹ̀ẹ́, fi tó ohun tí a ń yẹ̀ wò. Kì í ṣe nítorí òkìkí rẹ̀ nìkan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òkìkí náà pọ̀. Ohun tí ó mú ìtàn rẹ̀ ṣe pàtàkì ni pé ọwọ́ arúgbó kan ṣoṣo ni iṣẹ́ aṣọ ti dé ọwọ́ rẹ̀ ní kékeré. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Ó kù díẹ̀ kí ó já. Kò já, ó sì ti di okùn tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn dì mú.

Ògìdì àti òfì àwọn obìnrin

Ní ọdún 1951 ni a bí Níkẹ̀ẹ́ ní Ògìdì, ní ilẹ̀ Ìjùmú. Ní ìgbà náà, Apá Àríwá Nàìjíríà ni Ògìdì wà lábẹ́ ìjọba. Ní ọdún 1967 ni a pín in mọ́ ìpínlẹ̀ tí a wá ń pè ní Kwara, nígbà tí ó sì di ọdún 1991, ó bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Kogí. Báyìí ni ìjọba ṣe ń fa ààlà, tí wọ́n sì ń pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n ní ti èdè, ní ti ìṣe àti ní ti aṣọ, ilẹ̀ Okun ni Ògìdì, ilẹ̀ Okun sì jẹ́ ilẹ̀ àwọn obìnrin ahunṣọ.

Oríṣi òfì méjì ni a mọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Òfì àwọn ọkùnrin ni ó ń hun aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn, èyí tí a óò wá rán pọ̀ kí ó tó fẹ̀. Orí ilẹ̀ ni òwú rẹ̀ ń gbà lọ níwájú ahunṣọ. Òfì àwọn obìnrin ni ó ń dúró ṣánṣán lára ògiri, tí obìnrin yóò jókòó síwájú rẹ̀, tí yóò sì hun aṣọ fífẹ̀. Inú ilé ni wọ́n ti ń hun ún, láàárín oúnjẹ sísè àti ọmọ gbígbé. Ní Bùnú, tí ó jẹ́ aládùúgbò Ìjùmú, òfì yìí ni àwọn obìnrin fi ń hun aṣọ ìpo, aṣọ pupa tí a fi ń sin àwọn ọlọ́lá. Kò sí ohun tí ó ń fún wọn ní òwú pupa tí ó dán dáradára, nítorí náà wọ́n a máa tú kúbùsù pupa tí àwọn òyìnbó mú wá láti ilé ìwòsàn, wọn a sì fi òwú rẹ̀ hun ìpo. Ẹ kíyè sí i pé iṣẹ́ ìbílẹ̀ kò kọ ohun àjòjì láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ohun tí ó ń bèèrè ni ọwọ́ tí yóò sọ ohun àjòjì náà di tirẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Níkẹ̀ẹ́ nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ìyá àgbà rẹ̀ gbà á tọ́, ṣùgbọ́n òun náà kò pẹ́ kí ó tó papò dà. Ẹni tí ó kù ni ìyá ńlá rẹ̀, tí ó fi ìran kan ju ìyá àgbà lọ. Lọ́dọ̀ arúgbó yìí ni ó ti kọ́ òwú rírán, aṣọ híhun àti aṣọ rírẹ. Bí a bá ro ó dáadáa, ìran méjì ti ṣí kúrò láàárín ọmọ náà àti orísun iṣẹ́ rẹ̀. Ká ní ìyá ńlá náà ti kú ṣáájú, ibi kan náà ni ìtàn yìí ì bá ti parí. Owó kò sí láti rán ọmọ náà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga. Kò kọjá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òfì ni ilé ẹ̀kọ́ gíga rẹ̀.

Bí aró ṣe ń fi funfun sílẹ̀

Kí ìtàn tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí a mọ irú iṣẹ́ tí a ń sọ, nítorí ọ̀pọ̀ ni ó ń wọ àdìrẹ tí kò mọ bí a ti ń ṣe é.

Èlú ni ewé tí a ń lò. Wọ́n a gún un nínú odó, wọn a ṣù ú bí ìṣù, wọn a sì sá a gbẹ. Wọ́n a sun igi kí ó di eérú, wọn a kó eérú náà sínú ìkòkò ajere, wọn a máa bu omi lé e kí ó máa ro sínú ìkòkò tí ó wà ní ìsàlẹ̀. Omi eérú yìí ni a ń da lé èlú, tí a óò fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó kan. Aró kì í yọ́ nínú omi lásán. Omi eérú àti kíkan ni ó ń mú un yọ́. Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé aṣọ kì í jáde nínú ìkòkò ní àwọ̀ aró. Àwọ̀ ewé tútù ni yóò kọ́kọ́ ní. Bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ sí i ni yóò máa yí padà lójú ẹni títí yóò fi di aró. Aláró yóò tún rì í, yóò tún sá a, yóò sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà kí aró náà tó dúdú débi tí yóò máa dán bí ìyẹ́ agbe.

Ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni a ń gbà fi ọnà sí aṣọ. Bí a bá fi ìko so ó, àdìrẹ oníko ni. Bí a bá fi abẹ́rẹ́ rán an kókó, àdìrẹ alábẹ́rẹ́ ni. Bí a bá fi ẹ̀kọ ya á, àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni. Ẹlẹ́kọ ni àbúrò nínú wọn. Ó gbilẹ̀ ní Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, nígbà tí aṣọ funfun tí ó tẹ́jú ti ń wọlé láti Ìlú Ọba. Láfún ni wọ́n ń rò pọ̀ mọ́ álọ́ọ̀mù. Ìyẹ́ adìẹ ni ayàwòrán fi ń ya á lé aṣọ, ní ojú kan ṣoṣo. Aṣọ yáàdì méjì ààbọ̀ méjì ni a ń rán pọ̀ láti di ìró kan, wọn a sì pín in sí ojú-ojú, kí ojú kọ̀ọ̀kan lè gba ọnà tirẹ̀.

Àwọn ọnà yìí kì í ṣe eré. Ìwé ìtàn ni wọ́n. Nínú èyí tí a ń pè ní “Ìbàdàn dùn”, òpó gbọ̀ngán Màpó, tí a ṣí ní ọdún 1929, ni wọ́n yà pọ̀ mọ́ àwòrán ṣíbí. “Olóba” ni wọ́n pe èyí tí wọ́n fi ṣe ìrántí ọdún 1935, nígbà tí Ọba George Karùn-ún pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí ìtẹ́. Obìnrin tí kò mọ ìwé kà ni ó fi ìyẹ́ adìẹ kọ ìtàn sórí aṣọ, tí ẹlòmíràn sì ró o lọ sí ọjà.

Ṣùgbọ́n kókó iṣẹ́ náà nìyí. Ẹni tí ó ń kun ilé a máa fi ọ̀dà sí ibi tí ó fẹ́ kí àwọ̀ wà. Aládìrẹ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí kò fẹ́ kí aró dé ni ó ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣọ́. Gbogbo aṣọ ni yóò wọ inú òkùnkùn ìkòkò. Kìkì ibi tí ọwọ́ ti ṣọ́ ni yóò mú ìmọ́lẹ̀ jáde. Bí wọ́n bá sì ti họ ẹ̀kọ náà kúrò, ojú funfun yìí ni ẹni gbogbo ń wò, tí a ń pè ní ọnà.

Ìjà lórí aró

Iṣẹ́ tí ó níye lórí báyìí kò lè ṣàìní ìdàámú. Ní àwọn ọdún 1920, òwò àdìrẹ ní Abẹ́òkúta ń tà dé etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí ó yá, ṣọ́dà àti aró òyìnbó wọlé. Àwọn wọ̀nyí ń mú iṣẹ́ yá, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ ìwọ̀n wọn a ba aṣọ jẹ́. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí ráhùn, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá sì fi òfin de lílo wọn. Àwọn aláró kò gbà. Wọ́n fi ẹ̀hónú hàn, títí ìjọba fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde ní ọdún 1936. Bí ó ti wù kí ó rí, òwò náà kò tún padà sí bí ó ti wà rí. Aṣọ títẹ̀ láti òkè òkun ń wọlé, nígbà tí ó sì di ọdún 1957, ilé iṣẹ́ aṣọ ńlá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná. Àwọn ọmọ aláró ń lọ sí ilé ìwé, wọ́n sì ń wá iṣẹ́ ọ́fíìsì. Ìkòkò aró bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ ní agbo ilé kan lẹ́yìn èkejì.

Inú irú àkókò yìí ni Níkẹ̀ẹ́ ti dàgbà. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi òwò yìí sílẹ̀ ni òun ń wọ inú rẹ̀.

Òṣogbo

Bàbá rẹ̀ fẹ́ fi í fún ọkọ tí kò fẹ́. Ó sá kúrò nílé, ó sì bá ẹgbẹ́ òṣèré alárìnkiri lọ. Ọ̀nà yìí ni ó gbé e dé Òṣogbo.

Òṣogbo ìgbà náà kì í ṣe ìlú kékeré lójú àwọn oníṣẹ́ ọnà. Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí ó dé Nàìjíríà ní ọdún 1950, ti ń gbé ibẹ̀, ó ń tún igbó Ọ̀ṣun ṣe, ó sì ń ya aṣọ ńláńlá pẹ̀lú ẹ̀kọ àti ìda. Ní ọdún 1962 ni Dúró Ládiípọ̀ àti Ulli Beier dá Mbari Mbayo sílẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pe àwọn ọ̀dọ́ tí kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ọnà kankan, tí wọ́n ń fún wọn ní ọ̀dà àti bébà pé kí wọ́n ya ohun tí ó wà lọ́kàn wọn. Nínú àwọn ọ̀dọ́ náà ni Táíwò Ọláníyì wà, tí a mọ̀ sí Twins Seven-Seven, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn ká ayé kí ó tó kú ní ọdún 2011. Òun ni Níkẹ̀ẹ́ fẹ́. Kì í ṣe òun nìkan ni ìyàwó. Àwọn orogún rẹ̀ ju mẹ́wàá lọ.

Ní Òṣogbo ni ó ti di ọ̀gá nínú bátíìkì. Ìlànà kan náà ni bátíìkì àti àdìrẹ ẹlẹ́kọ ń tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n ìda ni a ń lò dípò ẹ̀kọ. A óò yọ́ ìda lórí iná, a óò fi búrọ́ọ̀ṣì tàbí fóòmù yà á sórí aṣọ gbígbẹ, a óò sì ri aṣọ náà sínú aró tútù, nítorí aró gbígbóná yóò yọ́ ìda. Àǹfààní rẹ̀ ni pé àwọ̀ lè pọ̀. Ẹni tí ó ń ṣe é yóò kọ́kọ́ fi ìda bo ibi tí yóò jẹ́ funfun, yóò ri í sínú àwọ̀ ìyeyè; yóò bo ibi tí yóò jẹ́ ìyeyè, yóò ri í sínú pupa; bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe títí yóò fi kan àwọ̀ tí ó dúdú jù. Nígbẹ̀yìn ni yóò bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná kí ìda lè jáde. Ibi tí ìda bá ti sán, aró yóò wọ ibẹ̀, yóò sì fi ìlà wẹ́wẹ́ sílẹ̀ bí iṣan ara ewé. Ẹni tí kò bá lè rí òpin iṣẹ́ nínú ọkàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kò lè ṣe bátíìkì, nítorí ẹ̀yìn ni ó ń tẹ̀ sí.

Ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ Níkẹ̀ẹ́ jẹ́ ìtàn: Ọ̀ṣun àti àwọn olùsìn rẹ̀, àwọn obìnrin lọ́jà, ìyá àti ọmọ, àwọn onílù. Nígbà tí ó sì yá tí ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ọ̀dà yàwòrán, ọnà àdìrẹ àtijọ́ ni ó fi wọ àwọn ènìyàn inú àwòrán náà láṣọ. Ní ọdún 1968 ni wọ́n pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ fún ìgbà kìíní ní Ilé Goethe ní Èkó. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún.

Ìrìn àjò tí ó yí ọ̀rọ̀ padà

Ní ọdún 1974 ó lọ sí Amẹ́ríkà, sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ Haystack ní Maine, láti kọ́ àwọn ènìyàn ibẹ̀ ní iṣẹ́ aṣọ Yorùbá. Ẹ wo bí ayé ṣe yí! Ọmọ tí kò ju ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ ni ó dúró níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé láti kọ́ wọn ní ohun tí arúgbó Ògìdì fi kọ́ ọ. Níbẹ̀ ni ó ti hàn kedere pé ìmọ̀ tí wọ́n ń fojú di nílé jẹ́ ohun iyebíye lójú ẹni tí kò ní in.

Nígbà tí ó padà sílé ni ó ṣe ohun tí ó ya ìtàn rẹ̀ sọ́tọ̀. Àṣà ni pé inú agbo ilé ni iṣẹ́ ń gbé. Ìyá a máa kọ́ ọmọ, ìyakọ a máa kọ́ ìyàwó. Àlejò kì í mọ ìwọ̀n eérú. Àṣírí yìí ni ó ń jẹ́ kí owó máa wọlé fún ìdílé. Níkẹ̀ẹ́ ṣí ilẹ̀kùn náà sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn ọmọbìnrin tí kò ní iṣẹ́ jọ sínú ilé, ó ń kọ́ wọn ní ọ̀fẹ́, ó ń fún wọn ní aṣọ àti aró tí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1983 ni ó dá ilé ẹ̀kọ́ ọnà àti àṣà sílẹ̀ ní Òṣogbo. Lẹ́yìn náà ni ó dá òmíràn sílẹ̀ ní Ògìdì tí a bí i sí, kí òfì àwọn ìyá Okun má baà di ohun tí a ń gbọ́ nínú ìtàn nìkan. Gẹ́gẹ́ bí ilé ẹ̀kọ́ náà ti kéde, àwọn tí ó ti kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ ní ọ̀fẹ́ ju 3,000 lọ. Ní ọdún 2009 ni ó ṣí ilé ìpàtẹ ọnà alájà púpọ̀ ní Lẹ́kí, ní Èkó.

Ìmọ̀ yìí kọjá òkun lọ gba ẹ̀mí là pẹ̀lú. Ní ọdún 2006, ìjọba Ítálì fi oyè dá a lọ́lá nítorí pé ó fi iṣẹ́ ọnà ran àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà lọ́wọ́, àwọn tí iṣẹ́ aṣẹ́wó ti dè mọ́lẹ̀ ní ilẹ̀ náà, kí wọ́n lè fi ọwọ́ ara wọn jẹun. Aṣọ tí a rò pé ó ti di ti ìgbà láéláé ni ó di ohun tí ọmọbìnrin kan dì mú tí ó fi jáde nínú ọ̀fìn.

Àríyànjiyàn

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó yìn ín láìkù síbì kan. Àwọn kan ń sọ pé ìda ti gba ipò láfún, pé aró inú agolo ti gba ipò èlú, àti pé ojú àlejò tí yóò rà á ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọnà tuntun ń wò. Òtítọ́ wà nínú èyí. Láti àwọn ọdún 1970 ni aṣọ tí a ń pè ní kàǹpálà ti kún ọjà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń ṣe é kò sì tíì fojú kan èlú rí. Àwọn mìíràn ń sọ pé ẹni tí ó bá kọ́ àlejò ní iṣẹ́ ìdílé ti gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ onílé.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a bi ara wa léèrè: ọmọ onílé wo? Ọmọ onílé ti lọ sí ọ́fíìsì. Ìdílé tí ó pa àṣírí mọ́ títí tí kò fi rí ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kò pa ohun kan mọ́ mọ́. Ó ti sin ín. Ní ti ìda àti aró agolo, ẹ jẹ́ kí a rántí ìpo Bùnú àti kúbùsù ilé ìwòsàn. Ẹlẹ́kọ pàápàá, tí a ń pè ní ti àtijọ́ lónìí, orí aṣọ òyìnbó ni a ti bí i. Ewu tí ó tóbi jù kò sí nínú ìda. Ó wà nínú aṣọ tí ẹ̀rọ ilẹ̀ òkèèrè ń tẹ ọnà àdìrẹ sí, tí wọ́n ń tà ní owó pọ́ọ́kú. Ìda ṣì nílò ọwọ́ tí yóò yà á. Ẹ̀rọ kò nílò ọwọ́ aládìrẹ rárá.

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn náà

Ìtàn yìí kan àwọn tí ń múra láti di olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Nínú kíláàsì Yorùbá, iṣẹ́ ìbílẹ̀ jẹ́ ohun tí a ń kọ sójú pátákó. Ọmọ yóò ka oríṣi àdìrẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí, yóò gba máàkì rẹ̀, yóò sì parí ilé ìwé láìtíì fi ìka kan láfún tútù lórí aṣọ rí. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ orúkọ iṣẹ́, kò mọ iṣẹ́. Kò gba owó púpọ̀ kí olùkọ́ mú ègé aṣọ funfun, ìko àti aró díẹ̀ wọ inú kíláàsì, tàbí kí ó pe ìyá arúgbó kan ní àdúgbò kí ó wá fi ọwọ́ rẹ̀ han àwọn ọmọ. Ìyá bẹ́ẹ̀ ṣì wà ní ọ̀pọ̀ ìlú. Wọn kò ní wà títí.

Arúgbó Ògìdì kò mọ̀ pé ọwọ́ òun yóò dé Maine, yóò dé Èkó, yóò dé Ítálì. Ọmọ òrukàn kan ni ó rí níwájú rẹ̀, ó sì fún un ní òwú kí ó rán. Bí aládìrẹ ti ń fi ẹ̀kọ ṣọ́ ojú kékeré kan lára aṣọ kí aró má bò ó, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ṣọ́ ìmọ̀ yìí sára ọmọ kan ṣoṣo. Nígbà tí aṣọ jáde nínú ìkòkò, ibi tí ó ṣọ́ yẹn ni ayé ń wò lónìí.